Pùròpẹ́là ti gba báláǹsì lórí ìwọ̀n, síbẹ̀ ọkọ̀ ń gbọ̀n: ta ló ti ṣe báláǹsì lórí ìyípo rí?

ÌyẹLókè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ọ̀rọ̀ kan ń dùn mí lọ́kàn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Bàálù oníjókòó mẹ́rin kan ni èmi àti ẹnì kejì mi jọ ní. Lycoming O-320 ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀, pùròpẹ́là onírin alápá méjì ló sì wà níwájú rẹ̀, irú èyí tí a kì í yí apá rẹ̀ padà. Òkúta ṣá a létí, la bá gbé e lọ fún àtúnṣe. Wọ́n fi fáìlì yọ́ ojú ibi tó ṣá, wọ́n gbé e sórí ìwọ̀n, wọ́n ní ó dọ́gba régérégé, wọ́n sì kọ ọ́ síwèé fún wa. A dè é padà. Àtìgbà náà ni ara ọkọ̀ ò ti balẹ̀ mọ́.

Bí mo bá ti wà láàárín 2,300 sí 2,450 RPM, ìyẹn iye ìyípo ní ìṣẹ́jú kan, àtẹ́lẹsẹ̀ mi ni mo ti ń mọ̀ ọ́n, bí ìgbà tí ẹsẹ̀ bá kú téèyàn sì fi tẹlẹ̀. Abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì kì í dúró sójú kan. Nígbà tí mo ṣí ìbòrí ẹ́ńjìnnì, mo rí i pé síkúrù méjì ti tú lára àwọn irin pẹlẹbẹ tó ń darí atẹ́gùn sára sìlíńdà. Èyí tó wá bà mí lẹ́rù jù ni ìlà tín-ín-rín kan, bí irun orí, tó ti ihò síkúrù jáde lára àwo ẹ̀yìn spinner, fìlà tó bo àárín pùròpẹ́là.

Báwo ni nǹkan tó dọ́gba lórí ìwọ̀n ṣe ń gbọ̀n báyìí nígbà tó bá ń yí? Mo tún rí áàpù kan lórí fóònù tó ń wọn gbígbọ̀n. Ṣé mo lè fi ìyẹn ṣe é, kí n wá so wáṣà díẹ̀ mọ́ apá tó bá fúyẹ́?

ỌgáWáṣà

Ẹ kọ́kọ́ má fò ó mọ́ títí ẹ ó fi pààrọ̀ àwo ẹ̀yìn yẹn. Irin tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í là kì í tún jọ. Bó bá já nígbà tí ẹ́ńjìnnì wà lẹ́nu iṣẹ́, pùròpẹ́là fúnra rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ gbà á.

Àwọn tó tún un ṣe fún yín lè má parọ́ rárá. Pùròpẹ́là nìkan ni wọ́n wọ̀n. Wọ́n ki irin bọ àárín rẹ̀, wọ́n gbé e lé etí irin méjì tó mú bí ọ̀bẹ, wọ́n wo apá tí ilẹ̀ ń fà sísàlẹ̀. Àmọ́ lẹ́nu iṣẹ́, òun nìkan kọ́ ló ń yí. Spinner ń yí, àwo ẹ̀yìn ń yí, irin eléyín tí sítátà ń gbá mú ń yí, bóòtù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ń yí, kiráńkì, ìyẹn ọ̀pá inú ẹ́ńjìnnì tó ń yí pùròpẹ́là, náà ń yí, gbogbo wọn bí ara kan ṣoṣo. Bí spinner bá jókòó ní ìdajì mìlímítà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, orí ìwọ̀n kò lè mọ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní 20 gíráàmù péré ló lé lápá kan, ní 15 sẹ̀ǹtímítà sí àárín. Tí ẹ bá gbé e sọ́wọ́, bóyá lẹ ó mọ̀ pé ẹ mú nǹkan dání. Ní 2,400 RPM, yóò máa fa kiráńkì síta pẹ̀lú agbára tó tó 190 newton, àfi bí ẹni gbé ẹrù kílò 19 kọ́ ọ. Kò sì fà á síbì kan ṣoṣo o: 40 ìgbà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ló ń fà á yípo. Ohun tó ń tú síkúrù yín nìyẹn. Tí ẹ bá dín RPM kù sí ìdajì, agbára yẹn á já wálẹ̀ sí ìdámẹ́rin, ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ fi ń ṣe jẹ́jẹ́ nígbà tó bá ń rìn nílẹ̀.

Ní ti áàpù: fóònù lè sọ fún yín pé ilé ń mì, kò lè sọ ibi tí ẹni tó ń mì í dúró sí. Ẹ̀rọ tí a fi ń ṣe báláǹsì ní ojú méjì. Ọ̀kan ni sẹ́ńsọ̀ tó ń gbọ́ gbígbọ̀n, bóòtù la fi ń dè é mọ́ iwájú ẹ́ńjìnnì, níbi tó bá sún mọ́ pùròpẹ́là jù. Èkejì ń tan iná sẹ́yìn apá pùròpẹ́là kan tí a lẹ téèpù tó ń dán mọ́, ó sì ń rí téèpù náà lẹ́ẹ̀kan ní ìyípo kọ̀ọ̀kan. Nípa báyìí, ẹ̀rọ á fún yín ní nọ́ńbà méjì: bí gbígbọ̀n ṣe pọ̀ tó, àti igun tí téèpù wà nígbà tí gbígbọ̀n dé góńgó. Èkejì yìí ni fóònù ò ní, láìsí i, ìméfò lásán ni wáṣà tí ẹ fẹ́ so.

IPS la fi ń ka gbígbọ̀n, ìyẹn iye íǹṣì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Lójú tèmi, 0.07 sísàlẹ̀ ló dára. Ọ̀pọ̀ ni 0.2 tó fún. Bó bá tó 0.5, ara yín ti máa sọ fún yín kí ẹ̀rọ tó sọ. Èyí tó bá ju 1.2 lọ, ẹ má fi wéètì bò ó, ẹ tú u kó padà sórí ìwọ̀n, nítorí nǹkan mìíràn ti bàjẹ́ níbẹ̀.

Ẹ má sì lu ihò kankan síbi tí ìwé olùpèsè ò bá ní kí ẹ lù. Ẹ má so nǹkan mọ́ fìlà spinner fúnra rẹ̀. Bí ọkọ̀ yín bá jẹ́ èyí tó ní ìwé ẹ̀rí, mẹkáníìkì tó ní àṣẹ ló gbọ́dọ̀ ṣe é, kó sì fọwọ́ sí i.

ỌmọGíà

Ẹ ṣeun gan-an, ọ̀gá. Mo fẹ́ béèrè tèmi mọ́ ọn. Ẹ́ńjìnnì Rotax 912 ULS ló wà lára ọkọ̀ tí mo fọwọ́ ara mi kọ́. Mo fi fóònù wọ̀n ọ́n ní 5,000 RPM, mo sì ń wá góńgó gbígbọ̀n ní 5,000. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ òmíràn tó ga jù ú lọ wà níbi tí RPM ti kéré sí i, mi ò mọ ibi tó ti wá.

ỌgáWáṣà

Ẹ rántí pé gíà wà láàárín. Ti ULS, 2.43 ni, ìyẹn ni pé kiráńkì á yí ní ìgbà 2.43 kí pùròpẹ́là tó yí lẹ́ẹ̀kan. 5,000 tí ẹ rí lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, kiráńkì ló ni ín. Ẹ fi 2.43 pín in: nǹkan bíi 2,058 ni pùròpẹ́là ń yí. Ibẹ̀ ni kí ẹ wò. Mo fẹ́ gbà pé góńgó tó ga yẹn, òun gan-an lẹ ń wá.

BàbáÒfurufú

Ẹ̀yin ọmọ mi, mi ò wá ba ọ̀rọ̀ jẹ́, àmọ́ mo ní ohun tí ojú mi rí. Wọ́n ṣe báláǹsì yìí fún mi. Ẹ̀rọ ka 0.06, inú mi dùn, ọkọ̀ ń lọ bí omi. Kò tó 40 wákàtí tí gbígbọ̀n fi padà. Wọ́n tún wá, wọ́n tún fi wáṣà kún wáṣà. Ṣé kì í ṣe pé egbò la kàn ń bò mọ́lẹ̀? Nígbà tiwa, ìwọ̀n ni, tó bá sì dọ́gba, a ó tú pùròpẹ́là, a ó yí i ní ìdajì ìyípo lórí kiráńkì, a ó dè é padà, a ó wò ó. Lọ́pọ̀ ìgbà, ó máa ń tó.

Àdùkẹ́Ẹ́ńjìnnì

Ẹ kú àgbà, Bàbá. Òótọ́ pọ̀ nínú ohun tí ẹ sọ. Yíyí i ní ìdajì ìyípo ṣì ń ṣiṣẹ́ títí dòní fún alápá méjì, níbi tí olùpèsè bá ti gbà á láyè, torí nígbà míì ibi tó wúwo lára pùròpẹ́là á bọ́ sódìkejì ibi tó wúwo lára spinner àti kiráńkì, wọ́n á sì pa ara wọn. Àmọ́ ibi méjì péré lẹ lè gbé e sí. Bí ibi tó wúwo bá wà láàárín méjèèjì ńkọ́?

Ní ti gbígbọ̀n tó padà, mo fara mọ́ yín pátápátá pé wọn ò bá má kàn fi wáṣà kún wáṣà. Báláǹsì tó dára kì í ṣàdédé sọnù. Ẹnì kan á ti fi fáìlì pa ibi tí òkúta ṣá, ó ti dín irin kù lápá kan. Tàbí wọ́n tú spinner, wọn ò dá a padà sójú ihò tó wà tẹ́lẹ̀. Mo ti rí èyí tí gíríìsì jò kúrò nínú apá kan lára pùròpẹ́là tó ń yí apá padà. Ti onígi tún wà: bí wọ́n bá gbé ọkọ̀ kalẹ̀ tí apá pùròpẹ́là wà lóòró, omi inú igi á máa rọra sọ̀ kalẹ̀ sí apá ìsàlẹ̀. Ẹ máa fi í sílẹ̀ ní ìbú.

Ìdí nìyí tí mi ò fi í fọwọ́ kan ẹ̀rọ báláǹsì kí n tó yẹ gbogbo ara ọkọ̀ wò. Mo ní iṣẹ́ kan tó kọ́ mi lọ́gbọ́n. Gbígbọ̀n tó 0.3, kò burú jù, mo rò pé wákàtí kan ni. Àmọ́ igun ò dúró. Mo kà á, 40 dígírì. Mo tún kà á ní RPM kan náà, 95. Lẹ́ẹ̀kẹta, 60. Mo so wéètì ìdánwò, kò sí ohun tó yé mi nínú ohun tó ń kà. Mo pa ẹ́ńjìnnì, mo mú iná tọ́ọ̀ṣì, mo wọ abẹ́ rẹ̀. Rọ́bà síìtì ẹ́ńjìnnì, ìyẹn ibi tí ẹ́ńjìnnì jókòó lé, ti apá ọ̀tún nísàlẹ̀ ti mu ọ́ìlì yó. Mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó wọlé bí ẹran ara. Ẹ́ńjìnnì ò ní ibi tó dúró sí, báwo ni igun rẹ̀ ṣe máa dúró? A pààrọ̀ rọ́bà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Igun dúró sójú kan lọ́jọ́ náà, gbígbọ̀n fúnra rẹ̀ sì ti já sí 0.18 kí n tó so wáṣà kan.

Nítorí náà, ÌyẹLókè, ẹ ní kí mẹkáníìkì yín wo síìtì ẹ́ńjìnnì, kó wọn kọ̀ǹpírẹ́ṣọ̀n (bí sìlíńdà ṣe ń fún atẹ́gùn pọ̀ tó), kó wo bóyá bóòtù pùròpẹ́là le tó bí ìwé ṣe wí, kó sì wò ó bóyá apá méjèèjì ń gba ojú ọ̀nà kan náà. Ìkẹyìn yìí kò ní ẹ̀rọ nínú. Ẹ pa mágínẹ́tò (ohun tó ń fún púlọ́ọ̀gì níná), ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì kan nínú sìlíńdà kọ̀ọ̀kan kí ẹ́ńjìnnì má baà lè ta. Ẹ fi nǹkan dí táyà. Ẹ gbé pákó kan kalẹ̀ síwájú pùròpẹ́là títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ṣóńṣó apá àkọ́kọ́. Ẹ wọn àlàfo rẹ̀. Ẹ rọra yí i títí apá kejì á fi dé ibẹ̀, ẹ tún wọ̀n ọ́n. Fún onírin, ìyàtọ̀ tó bá ju ìdá 1/16 íǹṣì, ìyẹn nǹkan bíi 1.6 mìlímítà, ẹ má tíì ronú báláǹsì. Yálà apá kan ti tẹ̀, tàbí pùròpẹ́là ò jókòó dáadáa.

Ẹ bá mi fi èyí sọ́kàn gidigidi: pé kọ́kọ́rọ́ wà lápò yín kò sọ pé mágínẹ́tò ti kú. Bí wáyà tó ń so ó mọ́ ilẹ̀ bá já, ẹ́ńjìnnì lè ta lójijì bí ẹ bá fọwọ́ yí pùròpẹ́là. Ẹ máa bá a lò bí ohun tó ṣetán láti ta nígbàkúùgbà.

BàbáÒfurufú

Ọ̀rọ̀ rọ́bà yẹn wọ̀ mí lára. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ tẹ rọ́bà kankan lára ọkọ̀ mi lọ́jọ́ náà. Ẹ ṣeun, ọmọ mi.

ÌyẹLókè

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo ti padà dé. A ti ṣe é! Ẹ jẹ́ kí n ròyìn rẹ̀ bó ṣe rí.

A pààrọ̀ àwo ẹ̀yìn spinner. Olùpèsè ti lu ihò 12 sí tuntun náà yípo fún wéètì báláǹsì, ihò kan sí èkejì jẹ́ 30 dígírì. Síìtì ẹ́ńjìnnì dára. Apá méjèèjì fi 0.5 mìlímítà péré yàtọ̀. Kọ̀ǹpírẹ́ṣọ̀n dára ní sìlíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Àárọ̀ kùtù la bẹ̀rẹ̀, kí atẹ́gùn tó dìde. Mẹkáníìkì kọjú ọkọ̀ sí atẹ́gùn, ó sì tún yí i díẹ̀ kí oòrùn má baà máa gba àárín apá pùròpẹ́là wọ ojú sẹ́ńsọ̀ oníná. Ó fi okùn rọ́bà so gbogbo wáyà mọ́lẹ̀ ní ìtò, ó fà wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní wáyà kan tó bá bọ́ sínú pùròpẹ́là ti ba iṣẹ́ jẹ́ nìyẹn. A jẹ́ kí ọ́ìlì gbóná dáadáa. Ó ní kí n fún ẹ́ńjìnnì níná dé 2,250 RPM kí n má sì mira.

Kíkà àkọ́kọ́: 0.48 IPS, igun 110 dígírì.

A pa á. Ó so 20 gíráàmù mọ́ ihò tó pè ní òdo. A tún ta á, 2,250 bákan náà. 0.61, igun 88! Àyà mi já, mo rò pé a ti bà á jẹ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ohun tí mo fẹ́ rí nìyẹn. Ó ti fèsì." Ó ní kò kan òun bóyá ó lọ sókè tàbí sísàlẹ̀, kó ṣáà ti yí padà dáadáa. Ó yọ wéètì ìdánwò, ó so 27 gíráàmù mọ́ ihò 240 àti 14 mọ́ ihò 270. Wáṣà AN970 tó fẹ̀ ló lò, pẹ̀lú bóòtù AN3 àti nọ́ọ̀tù tó ń di ara rẹ̀ mú.

0.05.

Mi ò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé rẹ̀ fún yín. Mo gbé ọkọ̀ lọ sókè, mo fún un ní 2,400, mo ń dúró de gbígbọ̀n ní àtẹ́lẹsẹ̀ mi, kò wá. Mo wo kọ́ńpáàsì, abẹ́rẹ́ rẹ̀ dúró jẹ́ẹ́. Lókè níbẹ̀ ẹ̀rọ ka 0.07.

ỌmọGíà

Ẹ kú oríire o! Ṣùgbọ́n ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, báwo ló ṣe mọ̀ pé 27 àti 14 ni? Kí ló dé tí kò kàn so wéètì sódìkejì 110 dígírì tí ẹ̀rọ kọ́kọ́ kà?

ỌgáWáṣà

Ìbéèrè gidi. Igun tí ẹ̀rọ kà kì í ṣe ibi tó wúwo gan-an. Irin máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó dáhùn sí ohun tó ń fà á, sẹ́ńsọ̀ ní tirẹ̀, ibi tí ẹ dè é sí ní tirẹ̀. Wéètì ìdánwò la fi ń bi ọkọ̀ léèrè pé, "Bí mo bá fi èyí síbí, kí lo máa ṣe?"

Ẹ mú pépà. Láti àárín, ẹ fa ọfà kan tó gùn ní 48 mìlímítà sí igun 110. Láti àárín kan náà, ẹ fa èkejì, 61 mìlímítà, sí igun 88. Ẹ wá fa ìlà láti orí ọfà kìíní dé orí ọfà kejì. Ìlà yẹn ni iṣẹ́ tí 20 gíráàmù ṣe. Ẹ wọ̀n ọ́n: nǹkan bíi 24 mìlímítà ni, ó sì kọjú sí 40 dígírì. Ó ti yé yín báyìí pé 20 gíráàmù ní òdo ń mú 0.24 IPS wá ní igun 40.

Ohun tí a fẹ́ ni ọfà 0.48 tó kọjú sódìkejì 110, ìyẹn 290. 0.48 jẹ́ ìlọ́po méjì 0.24, nítorí náà 40 gíráàmù. Láti 40 dé 290 jẹ́ 250 dígírì, nítorí náà ibi 250 ni wéètì yóò wà. Kò sí ihò ní 250. Ó pín in sí ihò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ méjèèjì, ó fún 240 ní púpọ̀ torí òun ló sún mọ́ ọn jù. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 41 nítorí pé ọ̀nà méjì ni wọ́n ń fà sí, díẹ̀ á ṣòfò láàárín.

Kí ẹ ṣọ́ra fún ohun kan: ẹ̀rọ kan máa ń ka igun tẹ̀ lé ìyípo pùròpẹ́là, òmíràn máa ń kà á lódì. Bí ẹ bá ṣì í, wéètì á bọ́ síbi tí kò yẹ, gbígbọ̀n lè pọ̀ sí i.

Àdùkẹ́Ẹ́ńjìnnì

ÌyẹLókè, mo bá yín yọ̀. Ǹjẹ́ ẹ̀rọ náà ya àwòrán gbogbo gbígbọ̀n fún yín? Kí lẹ rí ní ìdajì 2,250, ìyẹn 1,125?

ÌyẹLókè

Àǹtí, ẹ̀yin náà lẹ mọ̀ ọ́n. Góńgó kékeré kan wà níbẹ̀. Mẹkáníìkì ní wáṣà ò lè kan ìyẹn, torí sìlíńdà kọ̀ọ̀kan ń ta lẹ́ẹ̀kan nínú ìyípo méjì, nítorí náà sìlíńdà kan ni ò ṣe tó àwọn yòókù. A yọ púlọ́ọ̀gì. Ti ìsàlẹ̀ ní sìlíńdà kẹta, kóró òjé bíi mélòó kan ti há sẹ́nu rẹ̀. A fọ̀ ọ́, góńgó náà rẹlẹ̀.

ỌgáWáṣà

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ ti yọ téèpù kúrò lẹ́yìn apá? Ẹ fọ gọ́ọ̀mù rẹ̀ kúrò pẹ̀lú. Kí ẹ sì kọ iye wéètì àti ihò tí wọ́n wà sínú ìwé àkọsílẹ̀ ọkọ̀. Lọ́jọ́ tí pùròpẹ́là bá tún ń lọ sórí ìwọ̀n, àwọn wáṣà 41 gíráàmù yìí ò gbọdọ̀ bá a lọ. Èyí tí àwọn tó wọ̀n ọ́n fúnra wọn ti so mọ́ ọn tẹ́lẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án.

ÌyẹLókè

Mo ti yọ téèpù. A ti kọ ọ́ síwèé, a sì lẹ bébà kékeré mọ́ inú àwo ẹ̀yìn kí ẹni tó bá ṣí i lẹ́yìn wa lè mọ̀.

ỌmọGíà

Èmi ló kàn. Sẹ́ńsọ̀ tèmi ńkọ́, ara ẹ́ńjìnnì ni àbí ara gíà?

ỌgáWáṣà

Ara gíà, níwájú pátápátá, kó dúró lóòró. Téèpù lẹ́yìn apá pùròpẹ́là. Ẹ fi kíkà àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí wa níbí kí ẹ tó so ohunkóhun.